Àwòrán, Ọmọdé àti Omi ní Ìlú Bìní
Kí ìwé aláwòrán tó dé Bìní ni àwòrán ti ń kọ́ ènìyàn níbẹ̀. Lára pátákó idẹ tí a kàn mọ́ òpó ààfin Ọba, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, ni ẹja àrọ̀ wà, àmì Olókun. Ẹni tí kò mọ̀wé rí i, ó sì mọ̀ pé omi ní olúwa.

Láti àwọn ọdún 1990 ni omi inú ọ̀rá ti gbòde. Àgbàrá ń gbá ọ̀rá náà sínú odò Ikpoba, omi odò sì ń gbé e lọ sókun. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Ó yẹ kí olùkọ́ ya àrọ̀ sínú ìwé ọmọdé, kí ó ya ọ̀rá sí i lẹ́nu. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.