Ẹ̀dọ̀ Inú Abọ́: Bí Àṣírí Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B Ṣe Tú

Ní Ìwéré-Ilé, bíi ti gbogbo Òkè-Ògùn, tí ojú aláìsàn bá pọ́n bí ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ náà sì pọ́n, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni àwọn àgbà ń pè é. Lára ohun tó ń fà á ni fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, tó lè sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dá jẹjẹrẹ síbẹ̀.

Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti wà nínú ìtàn rẹ̀ tipẹ́. Ní 1957, Baruch Blumberg, dókítà ará Amẹ́ríkà, wá gba ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà láti mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ìran kan fi yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ìwádìí irú èyí ló gbé e dé ibi tí ó ti rí awọ ara fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Australia kan, tó sì kéde rẹ̀ ní 1965. Ní 1970, David Dane fi awò alágbára rí odidi rẹ̀ ní London: nànómítà 42 péré. Mílíọ̀nù kan nànómítà ló wà nínú mìlímítà kan.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe é jáde? Fáírọ́ọ̀sì náà kì í mú eku, kì í mú ehoro, tí wọ́n sábà ń fi ṣe ìwádìí. Ènìyàn àti ìnàkí ló sábà ń mú. Nítorí náà, àfi kí àwọn olùwádìí sin sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn nínú abọ́. Ní 1976, Jennifer Alexander àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa mú sẹ́ẹ̀lì láti inú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ọmọ Mozambique kan. Sẹ́ẹ̀lì náà ń pọ̀ sí i, ó ń da awọ fáírọ́ọ̀sì sínú omi tí wọ́n fi ń bọ́ ọ, àmọ́ odidi fáírọ́ọ̀sì kò jáde. Ọdún 1987 ni Sells, Acs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York fi DNA fáírọ́ọ̀sì náà sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ọmọkùnrin Argentina kan, tí odidi fáírọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde.

Báyìí ni fáírọ́ọ̀sì náà ṣe ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. DNA rẹ̀ a wọ inú ọkàn sẹ́ẹ̀lì, a di RNA. RNA a wọ inú èèpo fáírọ́ọ̀sì, a tún padà di DNA níbẹ̀, kí ó tó wọ ẹ̀wù, ìyẹn awọ ara rẹ̀, kó sì jáde. Ẹ̀wù òfìfo tó ń bá a jáde sì pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Inú sẹ́ẹ̀lì 1987 yìí kan náà ni wọ́n ti rí i ní 1991 pé oògùn lamivudine lè dí fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn tí fáírọ́ọ̀sì náà ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì kò hàn títí di 2012, nígbà tí Wenhui Li rí i ní Beijing.

Ohun tó ń dùn mí rèé: ẹ̀yà D fáírọ́ọ̀sì náà ni sẹ́ẹ̀lì 1987 náà ń ṣe, ẹ̀yà E ló sì gbilẹ̀ jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀jẹ̀ wa àti ẹ̀dọ̀ wa wà nínú ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí; ó yẹ kí ẹ̀yà tiwa náà wà nínú abọ́ ní Ìbàdàn, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tiwa, pẹ̀lú owó tí ìjọba pèsè.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun ní Ìwéré-Ilé, ẹ má dúró de ìyẹn. Láàárín wákàtí 24 tí ẹ bá bímọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B.