Ẹ̀bùn Ni àbí Ẹ̀tọ́? Láti Ilé Arúgbó dé Owó Arúgbó ní Ìlọrin

Ẹni tó bá mọ àdúgbò Fate ní Ìlọrin mọ̀ pé ilé olówó àti àtẹ ìyá oníṣòwò kékeré kì í jìnnà síra wọn níbẹ̀. Fate náà kò sì jìnnà sí GRA, níbi tí ilé kan wà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ilé Arúgbó. Olóògbé Olúṣọlá Sàràkí, aṣáájú ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láti 1979 sí 1983, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ilé náà. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ti ń gba oúnjẹ àti owó. Kò sí òfin tó sọ ọ́ di dandan. Ojú àánú ni. Ẹni tó sì ń gbà kò ní ṣàì rántí ẹni tó ń fún un nígbà tí ìbò bá dé.

Ní 2019, igbe “Ó tó gẹ́” gba Kwara kan, AbdulRahman AbdulRazaq sì di gómìnà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2020, katakata wó Ilé Arúgbó. Ìjọba ní ilẹ̀ ìjọba ni, wọn kò sanwó rẹ̀. Ìdílé Sàràkí ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ètò KWASSIP bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ náà: Owó Ìṣòwò fún àwọn oníṣòwò kékeré, Owó Arúgbó, ₦6,000, fún àwọn àgbà tí kò rí jájẹ. Orúkọ ilé tí wọ́n wó wá di orúkọ owó tí ìjọba ń san. Bóyá ó ṣèèṣì ni, bóyá kò ṣèèṣì.

Àríyànjiyàn pé ṣé ẹ̀bùn ni irú owó báyìí àbí ẹ̀tọ́ ti pẹ́ láyé. Ní 1797, Thomas Paine, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tó ti ní gbogbo ènìyàn ló ni ilẹ̀ kí àwọn kan tó gbà á mọ́ra. Nítorí náà, kí wọ́n máa san pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ́dún fún ẹnikẹ́ni tó bá pé ẹni àádọ́ta ọdún, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ tálákà. Ní 1986, àwọn ọ̀mọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ péjọ ní Louvain-la-Neuve ní ilẹ̀ Belgium, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún Yúróòpù. Ní 2004, ní Barcelona, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo àgbáyé. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni owó tí gbogbo mùtúmùwà yóò máa gbà déédéé, láìwo àpò ẹnikẹ́ni, láìfi iṣẹ́ ṣe májẹ̀mú.

Ilẹ̀ Áfíríkà kò dákẹ́. Ní Otjivero, ní Namibia, láti 2008 sí 2009, àjọṣepọ̀ kan tí Bíṣọ́ọ̀bù Zephania Kameeta wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀ san ọgọ́rùn-ún dọ́là Namibia lóṣooṣù fún gbogbo olùgbé ibẹ̀ tí kò tí ì pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Wọn kò san fún àwọn àgbà nítorí pé ìjọba Namibia ti ń sanwó fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún. Wọn kì í béèrè bóyá ẹni náà tálákà tó.

Ti Kwara kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tó tálákà. Ní Fate, ìyá àgbà tó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé alájà mẹ́ta lè dà bí ìyá onílé lójú ẹni tó mú bírò dání. Ibi tí ẹnìkan bá sì ti ń yan orúkọ, ojúure yóò tún wọ̀ ọ́.

Èkìtì ti fi èyí tó burú jù hàn. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2011, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn àgbà láti ẹni ọdún 65, àwọn tó ń gbà á sì lé ní 20,000 nígbà tó yá. Fáyẹmí fìdí rẹmi nínú ìbò 2014. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà, owó náà dáwọ́ dúró. Ní Kwara, oṣù Èbìbí 2027 ni sáà kejì AbdulRazaq yóò parí.