Èdè Tí A Ó Fi Ka Òpó: Gíráàfù àti Màgòmágó Ìdánwò

Ọmọ ilé-ìwé girama ní Ṣàngó, nílùú Ìlọrin, lè ka ìròyìn lórí màgòmágó ìdánwò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì ròyìn ohun tó kà bó ṣe yẹ. Tí gíráàfù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn náà, á fò ó kọjá ni. Ẹ bi í léèrè ohun tí gíráàfù ọ̀hún wí, á ní, "Sà, èyí ga ju èyí lọ." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Gẹ̀ẹ́sì ni àwa olùkọ́ fi ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó, ṣùgbọ́n nígbà tó bá rú àwọn ọmọ lójú, Yorùbá la fi ń là á yé wọn, títí kan àwọn ọmọ Nupé àti Fúlàní tó ń bá wa gbé. Ìgbà yẹn ló máa ń hàn pé ọ̀rọ̀ wa fún gíráàfù kò tó nǹkan. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọmọ tí a bá fún ní ọ̀rọ̀ tó péye, ní èdè tó fi ń ronú, yóò tú gíráàfù palẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ní gba ohunkóhun tí wọ́n bá ní gíráàfù sọ láìbéèrè.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. "Gíráàfù" ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù ni ohun gbọọrọ tó dúró nínú rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní igi, àwọn kan ń pè é ní ọ̀pá. Bí a bá ní "gíráàfù ọlọ́pàá", agbófinró ni ọkàn ọmọ yóò lọ bá, àgàgà nínú ẹ̀kọ́ tó dá lórí màgòmágó. Bí a bá ní "onígi", ẹni tó ń ta igi ìdáná ni etí gbọ́. Òpó ló bá a mu jù. Òpó ní ẹsẹ̀ tó fi tẹlẹ̀, ó ní orí, a sì lè wọn gíga rẹ̀. Nítorí náà, "gíráàfù olópòó" ni mo ń lò, mo sì ń fi àmì ohùn sórí òpó dáadáa kí ẹnikẹ́ni má baà kà á sí opó tí ọkọ rẹ̀ kú. Nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó di òpó ìdábùú. Ìlà méjì tó gbé gbogbo rẹ̀ ró ni ìlà òòró àti ìlà ìbú. Àwọn nọ́ńbà ara ìlà òòró ni òṣùwọ̀n. Àkọlé wà lókè. Orísun, ìyẹn ibi tí wọ́n ti rí iye náà, wà nísàlẹ̀.

William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló tẹ irú gíráàfù yìí jáde ní London ní 1786. Òwò ilẹ̀ Scotland pẹ̀lú ibi mẹ́tàdínlógún ló fẹ́ fi hàn. Àkọsílẹ̀ ọdún kan ṣoṣo ló rí, kò lè fa ìlà láti ọdún dé ọdún, ló bá to òpó ìdábùú tẹ̀lé ara wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìfiwéra ti jẹ́ iṣẹ́ òpó.

Gíráàfù tí mo máa ń yà sójú pátákó kò ju òpó mẹ́rin lọ. Àjọ WAEC ló kéde iye inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé èsì ìdánwò oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà jáde ní Nàìjíríà: ìdá èsì tí wọ́n dá dúró nítorí ẹ̀sùn màgòmágó. Ní 2022, ìdá 22.83 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní 2023, 16.29, ní 2024, 11.92, ní 2025, 9.75. Mo ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ní mẹ́wàá, ní ogún àti ní ọgbọ̀n, mo sì ń ní kí wọ́n fi Yorùbá pe gíga òpó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ọ́ di odidi nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn jù.

Níbí ni èdè wa ti ń ṣiṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè bá a ṣe. Òpó 2023 ga tó mẹ́rìndínlógún. Ẹ tú u palẹ̀: ogún tó dín mẹ́rin. Orúkọ nọ́ńbà náà ti sọ fún ọmọ pé ìlà ogún ni kí ó wò, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní mẹ́rin. Òpó 2022 jẹ́ mẹ́tàlélógún: mẹ́ta ló fi lé ní ìlà ogún. Òpó 2024 jẹ́ méjìlá: méjì ló fi yọ lórí ìlà mẹ́wàá. Òpó 2025 fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà mẹ́wàá gan-an. Láti oókan dé ẹẹ́rin, a máa ń fi kún ìlà tó kọjá. Bó bá ti di àrún, a máa ń yọ kúrò lára ìlà tó ń bọ̀. "Lé" àti "dín" ń tọ́ka sí ìlà tí a ó fi wọn orí òpó, wọ́n sì ń sọ bóyá orí òpó wà lókè ìlà náà tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti gbàgbé òǹkà Yorùbá máa ń tún un kọ́ níwájú pátákó yìí.

Lẹ́yìn èyí, mo ń fi èrú tó lè wà nínú gíráàfù hàn wọ́n. Òpó mẹ́rin kan náà ni mo ń tún yà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo mọ́. Láti mẹ́sàn-án ló ti bẹ̀rẹ̀. Òpó 2025 kò wá ga tó ẹyọ kan. Òpó 2022 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rìnlá. Lójú, ó dà bíi pé ti 2022 ju ti 2025 lọ ní ìlọ́po méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ni. Nọ́ńbà kankan kò yí padà. "Òpó àgélẹ́sẹ̀" ni orúkọ tí mo fún un. Ọmọ tó bá mọ orúkọ yìí yóò wo ẹsẹ̀ òpó kí ó tó wo orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀: iye àti ìdá. Iye èsì tí wọ́n dá dúró ní 2024 jẹ́ 215,267. Ní 2025, ó jẹ́ 192,089. Iye dín. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò pọ̀ sí i, láti 1,805,216 sí 1,969,313. Ìdí nìyẹn tí ìdá fi já wálẹ̀ ju iye lọ. "Nínú mélòó?" ni ìbéèrè tí mo fẹ́ kó mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu.

"Dá dúró" náà, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó mọ. Èsì tí wọ́n dá dúró ṣì wà lábẹ́ ìwádìí. Tí akọ̀ròyìn bá wá kọ ọ́ pé "ọmọ 192,089 ló ṣe màgòmágó", ó ti fi ẹ̀sùn ṣe ẹ̀bi. Afurasí ni Yorùbá ń pe ẹni tí a fura sí. Arúfin ni ẹni tí ẹ̀bi ti mọ́ lórí. Òpó tó wà lójú pátákó wa, òpó afurasí ni.

Ibi tí ìròyìn àti gíráàfù ti pàdé nìyí. Mo ń pín ìròyìn sí gbólóhùn-gbólóhùn, mo sì ń ní kí àwọn ọmọ fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí iwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ó jẹ́rìí, ó tako, ó dákẹ́. "Ìdá èsì tí WAEC ń dá dúró ń dín kù": gíráàfù jẹ́rìí sí i. "Ọdún 2024 ló burú jù": gíráàfù tako ó. "Àwọn òbí ló ń fowó ra ìbéèrè fún ọmọ": gíráàfù dákẹ́. Èyí tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni "Màgòmágó ti dín kù." Ẹnìkan á ní ó jẹ́rìí, ẹlòmíràn á ní ó dákẹ́, nítorí bóyá màgòmágó ló dín, bóyá mímú tí wọ́n ń mú àwọn tó ń ṣe é ló dín, òpó kò lè sọ.

Màgòmágó fúnra rẹ̀ tún gbòòrò jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1999 lórí màgòmágó ìdánwò ya àwọn ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tó wà lábẹ́ òpó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra: ìjíwèéwò fún ẹni tó ń wo ìwé tàbí iṣẹ́ ẹlòmíràn, jíjí ìbéèrè, ṣíṣe ìdánwò lórúkọ ẹlòmíràn. Ìbéèrè tó tú síta ṣáájú ìdánwò, expo ni gbogbo ènìyàn ń pè é láti àwọn ọdún 1970. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2025 tún kọ́ wa lọ́gbọ́n lórí orísun. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ, WAEC kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún tó ní Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú; 72.12 ni ní 2024. Kíá ni àwọn ènìyàn ti ń sọ ìdí tí òpó náà fi wó. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí àjọ náà padà wá sọ pé àṣìṣe wà. Wọ́n ti pín ìbéèrè sí ẹ̀dà oríṣiríṣi kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà jí iṣẹ́ ara wọn wò, àmọ́ ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì apá kan nínú Gẹ̀ẹ́sì kò bá ẹ̀dà ìbéèrè mu. Ìdá náà gòkè sí 62.96. Ọgbọ́n tí wọ́n dá láti dènà màgòmágó ló ṣi òpó lọ́nà.

Ní ti fífi Yorùbá kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, àwọn àgbà ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kún un. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin níbí, ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Àwọn onímọ̀ èdè kọ́ wa pé a lè yá ọ̀rọ̀, a lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, a sì lè ṣẹ̀dá tuntun. Gíráàfù ni a yá, òpó ni a fẹ̀ lójú, àgélẹ́sẹ̀ ni a ṣẹ̀dá.

Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí gẹ́gẹ́ bí èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sì tọ́ka sí ìjákulẹ̀ nínú WAEC, NECO àti JAMB gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká bi ẹ̀rí yẹn ní ohun tí àwọn ọmọ Ṣàngó ń bi òpó: nínú mélòó? Níbo ni orísun? Ṣé ó jẹ́rìí ni, àbí ó dákẹ́?

Ẹ̀bẹ̀ mi ni kí Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti àwọn olùkọ́ ìṣirò jókòó pọ̀, kí wọ́n ṣe ìwé ìperí kékeré kan fún gíráàfù àti iye, kí wọ́n sì mú un dé gbogbo ilé-ìwé. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má dúró dè é. Tí ẹ bá tún rí gíráàfù nínú ìwé ìròyìn, ẹ gbé e wọ kíláàsì, kí ẹ sì fi Yorùbá kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ.