Bí Sẹ́ẹ̀lì Àjẹsára Ṣe Ń Dá Pùròtéènì Ara Mọ̀ Nínú Ìtọ̀ Ṣúgà Oríṣi Kìíní

Ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kìíní kì í ṣe àìsàn àjẹjù ohun dídùn, ó sì dùn mí pé àwọn òbí ṣì ń dá ara wọn lẹ́bi nítorí rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì àjẹsára tó yẹ kó dáàbò bo ara ọmọ náà ló ń pa sẹ́ẹ̀lì beta, èyí tó ń ṣe ínsúlìn nínú pancreas.

Sẹ́ẹ̀lì T ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Kì í rí odindi pùròtéènì. Ègé kékeré ló ń rí, èyí tí pùròtéènì HLA pàtẹ sí ara sẹ́ẹ̀lì. Àjogúnbá ni irú HLA tí ènìyàn ní. Àwọn tó ní DQ8 tàbí DQ2 ni ewu náà pọ̀ sí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní àìsàn yìí títí ayé.

Ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì T tó lè kọlu ara ti kú nínú thymus, lẹ́yìn egungun àyà, níbi tí wọ́n ti ń dàgbà. Jíìnì AIRE máa ń mú kí thymus ṣe díẹ̀díẹ̀ lára pùròtéènì tó jẹ́ ti ẹ̀yà ara mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì T tó bá dì mọ́ ọn ṣinṣin, pípa ni. Báwo wá ni àwọn kan ṣe ń bọ́? Ègé ínsúlìn tí wọ́n ń pè ní B:9-23 ni wọ́n fura sí jù. Kì í jókòó dáadáa lórí HLA, ó máa ń yọ̀ kúrò, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì T tó mọ̀ ọ́n lè gba thymus kọjá láìfarapa. Ṣùgbọ́n nínú pancreas, ínsúlìn pọ̀ yanturu, sẹ́ẹ̀lì T náà á sì bá a níbẹ̀.

Ní 2005, Maki Nakayama, George Eisenbarth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pààrọ̀ amino acid kan ṣoṣo nínú ègé yìí lára eku NOD, irú eku tí àìsàn náà máa ń ṣe. Àwọn eku náà kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo ka èyí sí ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé ínsúlìn ni orísun ìjà náà, ó kéré tán nínú eku.

Ní 2016, Thomas Delong àti Kathryn Haskins ṣàfihàn ohun mìíràn: ègé ínsúlìn tó so pọ̀ mọ́ ègé pùròtéènì mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì beta. Kò sí jíìnì kankan tó kọ irú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ó ṣòro kí thymus tó lè fi han sẹ́ẹ̀lì T.

Áńtíbọ́dì sí ínsúlìn àti sí àwọn pùròtéènì GAD65, IA-2 àti ZnT8 máa ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ṣáájú àìsàn, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní November 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí teplizumab, oògùn tó ń sún àìsàn náà síwájú fún nǹkan bí ọdún 2. Ara pùròtéènì CD3 ló ń lẹ̀ mọ́, èyí tó wà lára gbogbo sẹ́ẹ̀lì T, yálà wọ́n mọ ínsúlìn tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n.