Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Àwòrán: Ìtàn Gígé àti Sísopọ̀ Fíìmù

Àwọn àgbà a máa wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò mọ sinimá, ṣùgbọ́n n kò tíì rí gbólóhùn mìíràn tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ ẹni tí ń gé fíìmù tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ àwọn òṣèré tí a rí nínú eré. Àwọn díẹ̀ mọ orúkọ olùdarí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sínú yàrá, tí ó gé ohun tí a yà sí wẹ́wẹ́, tí ó sì so wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi di ìtàn, a kì í bèèrè orúkọ rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọpasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ó jẹ́ iṣẹ́ àlùmọ́gàjí títí di ìgbà tí ó di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo sì fẹ́ fi hàn pé, bí ohun èlò ti wù kí ó yí padà tó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: báwo ni ẹni tí ń gé fíìmù ti gbẹ́kẹ̀ lé òye òǹwòran tó?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, n ó pe àwòrán tí kámẹ́rà yà láti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ títí di ìgbà tí ó dúró ní ègé. Ibi tí ègé kan parí sí, tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ni n ó pè ní oríkèé. Ègé ni ẹran ara fíìmù. Oríkèé ni ó ń jẹ́ kí ó rìn.

Ìbẹ̀rẹ̀ Pẹ̀pẹ̀

Fíìmù ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ kò ní oríkèé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, Auguste àti Louis Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, fi eré kéékèèké mẹ́wàá han àwọn tí ó sanwó ní ilé kọfí kan ní Paris. Kò sí èyí tí ó tó ìṣẹ́jú kan nínú wọn. A gbé kámẹ́rà kalẹ̀, a yí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí fíìmù inú rẹ̀ tán, eré tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde ní ilé iṣẹ́, bàbá àti ìyá ń fún ọmọ wọn ní oúnjẹ, ó parí. Odindi ọ̀rọ̀ ni; kò sí ohun tí òǹwòran ní láti fi kún un.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó tètè rí agbára oríkèé ni Georges Méliès, onídán ará Faransé. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé kámẹ́rà òun há ní ọjọ́ kan nígbà tí òun ń ya àwòrán ní ìgboro Paris, ó sì gba àkókò díẹ̀ kí ó tó tún máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó wo fíìmù náà, ọkọ̀ akérò ṣàdédé di ọkọ̀ òkú. Ní 1896 náà ni ó ṣe eré kan tí obìnrin ti pòórá lórí àga. Àwọn tí ó yẹ fíìmù rẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé kì í ṣe dídá kámẹ́rà dúró nìkan ni ó fi ń pidán. Ó máa ń gé ibẹ̀, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ kí ó lè gún régé. Ẹni tí ó bá mọ egúngún alárìnjó yóò mọ ohun tí Méliès ṣe. Nígbà tí apidán bá fẹ́ di ọ̀nì, abẹ́ aṣọ ni ó ti ń para dà. Ènìyàn ni a rí tí ó wọlé, ọ̀nì ni a rí tí ó jáde. Oríkèé ni aṣọ tí Méliès lò.

Ṣùgbọ́n idán yàtọ̀ sí ìtàn. Ní 1903, Edwin S. Porter, ará Amẹ́ríkà, ṣe eré kan nípa ìgbésí ayé panápaná. Iná ń jó ilé. Ìyá àti ọmọ há sínú yàrá. Porter kọ́kọ́ fi gbogbo rẹ̀ hàn wá láti inú yàrá: panápaná wọlé, ó gbé ìyá jáde lójú fèrèsé, ó padà wá gbé ọmọ. Lẹ́yìn èyí ni ó tún gbogbo rẹ̀ fi hàn láti òde, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a gba ìyá náà là. Kò tíì dá a lójú pé, bí òun bá fi inú yàrá hàn díẹ̀, tí òun fi òde hàn díẹ̀, òǹwòran yóò mọ̀ pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni.

Fíìmù yìí tún kọ́ àwa òpìtàn ní ẹ̀kọ́ kan. Fún ọdún púpọ̀, ẹ̀dà kan wà tí a ti ń lọ láti inú sí òde, láti òde sí inú, gẹ́gẹ́ bí fíìmù ìgbà tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbára lé e, wọ́n sì wí pé Porter ti mọ ọgbọ́n náà ní 1903. Ẹ̀dà orí pépà tí a fi pamọ́ sí ilé ìkàwé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington ni ó tú àṣírí: ẹnìkan ni ó tún fíìmù náà gé lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó ní àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ lè yí ìtàn padà, àní ìtàn àlùmọ́gàjí fúnra rẹ̀.

Oríkèé Di Èdè

Ohun tí Porter kò tíì gbójú lé ni D. W. Griffith sọ di àṣà. Nínú eré kan tí ó ṣe ní 1909, àwọn olè ń fọ́ ilé. Ìyàwó àti àwọn ọmọ sá sínú yàrá. Ọkọ ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Griffith ń mú wa lọ sọ́dọ̀ olè, sọ́dọ̀ ìyàwó, sọ́dọ̀ ọkọ, ó sì tún ń dá wa padà. Kò sí ẹni tí ó bèèrè bí a ti ṣe dé ibẹ̀. Àyà gbogbo ènìyàn ń já.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí ó mú kì í bèèrè ohun tí a fẹ́ fi gé. Ní 1915, ọgbọ́n kan náà ni Griffith lò nínú The Birth of a Nation láti mú kí àwọn òǹwòran máa pàtẹ́wọ́ fún ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, tí ó ń gun ẹṣin bọ̀ wá bá àwọn ènìyàn dúdú jà. Ẹgbẹ́ NAACP ta kò ó gidigidi. A kò lè kọ ìtàn iṣẹ́ yìí kí a fo ìtìjú náà.

Ní Rọ́ṣíà, lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1917, fíìmù tuntun ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń tún gé láti fi kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀ ni Lev Kuleshov ti mú ojú òṣèré kan, Ivan Mosjoukine, tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún. Ó so ó mọ́ àwo ọbẹ̀. Ó tún so ó mọ́ òkú nínú pósí. Gẹ́gẹ́ bí òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ròyìn, àwọn òǹwòran yin òṣèré náà: ẹ wo bí ebi ti ń pa á, ẹ wo bí ìbànújẹ́ ti bò ó! Ojú kan náà ni. Ebi àti ìbànújẹ́ kò sí nínú ègé kankan. Òǹwòran ni ó bí wọn ní oríkèé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ dé inú ọmọlúàbí, ó di odindi.

Iṣẹ́ Ọwọ́

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agéfíìmù a gbé fíìmù sókè sí ìmọ́lẹ̀, a fi ojú lásán wá ibi tí yóò gé, a fi àlùmọ́gàjí gé e, a ha etí rẹ̀, a sì fi àtè lẹ̀ ẹ́. Ní Hollywood, iṣẹ́ yìí jọ iṣẹ́ aránṣọ lójú àwọn ọkùnrin, nítorí náà ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n gbé e fún. Èrò pé kò ju iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ ni ó gbé wọn dé ìdí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú sinimá. Margaret Booth bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Griffith, ó sì di ọ̀gá àwọn agéfíìmù ní MGM. Anne Bauchens ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar fún iṣẹ́ yìí, fún fíìmù kan tí ó jáde ní 1940. Yelizaveta Svilova ni ó gé Man with a Movie Camera ti ọdún 1929, a sì rí i nínú fíìmù náà nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 1924 ni Iwan Serrurier bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ̀rọ Moviola fún àwọn agéfíìmù, tí wọ́n fi lè wo àwòrán tí ń rìn bí wọ́n ti ń gé e. Ìṣòro àtè ni pé, bí a bá fẹ́ tú oríkèé kan kí a tún un ṣe, ojú àwòrán kan ó kéré tán yóò ṣègbé. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀rọ tí Leo Catozzo, ará Ítálì, ṣe jẹ́ kí a lè fi téèpù tí ó mọ́ gaara lẹ̀ ẹ́ láìpàdánù ohunkóhun. Láti ìgbà náà ni agéfíìmù ti lè dán nǹkan wò, kí ó tú u, kí ó tún un dán wò.

Dídánwò yìí ni iṣẹ́ náà gan-an. Nígbà tí a ń ṣe Apocalypse Now, tí ó jáde ní 1979, fíìmù tí a yà lé ní wákàtí 230. Èyí tí a fi han ayé kò ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 25 lọ. Walter Murch, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gé e, ṣírò pé, bí a bá pín iye oríkèé inú rẹ̀ fún iye ọjọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, oríkèé kan àti ààbọ̀ péré ni ó kan agéfíìmù kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Àlùmọ́gàjí kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìyókù ọjọ́, ìrònú ni.

Ohun Tí Wọ́n Wí Nípa Wa

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá. Ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní London tí yóò máa ṣe fíìmù fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn. Olórí rẹ̀ ni William Sellers, tí ó ti ṣiṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, tí ó sì ti fi fíìmù kọ́ni nípa àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń fà ní Èkó. Kò sí àní-àní pé ó fẹ́ ìlera àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú àròkọ kan tí ó kọ ní 1941, ó gbé òfin kalẹ̀: fíìmù tí a ó fi han Aláwọ̀dúdú gbọ́dọ̀ rọra rìn, kí ègé kọ̀ọ̀kan pẹ́, kí a má ṣe fò láti ibì kan sí ibòmíràn, kí a sá fún idán kámẹ́rà. Ìdí rẹ̀, lójú tirẹ̀, ni pé oríkèé kò lè yé wa.

Ẹ wo ọdún tí ó sọ ọ́. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1903, ọdún panápaná Porter, ni a ti fi sinimá hàn ní Glover Memorial Hall ní Èkó.

Kì í sì ṣe sinimá ni ó kọ́ wa ní oríkèé. Ẹ gbọ́ obìnrin ilé nígbà tí ó bá ń ki ọkọ ìyàwó. Ó mẹ́nu ba bàbá ńlá rẹ̀ lójú ogun. Kí a tó mí, ó ti dé oko. Ó yà sí ohun tí a fi mọ ìlú wọn. Ó padà bá ọmọ tí ó dúró níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò dúró ṣàlàyé bí a ti ṣe kúrò lójú ogun dé oko. Ọmọ náà kò bèèrè. Orí rẹ̀ ti wú. Oníjàálá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń ti ara ẹranko bọ́ sí ara ọdẹ. Àwọn tí a sọ fún pé a kò lè fo láti ègé dé ègé ni ọmọ àwọn tí wọ́n ti ń fi ìfò náà kini kí a tó bí Griffith.

Láti Téèpù dé Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí téèpù fídíò dé, ó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ yìí padà sẹ́yìn. Fíìmù ṣeé là láàárín kí a fi ègé tuntun há a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń da fídíò kọ láti inú ẹ̀rọ kan sí èkejì gbọ́dọ̀ to ègé tẹ̀léra láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yí ohun kan padà láàárín, yóò tún gbogbo èyí tí ó tẹ̀lé e dà kọ, àwòrán a sì máa ṣá sí i. Báyìí ni a ti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré fídíò wa ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí owó náírà kò lè ra fíìmù mọ́, tí a kò sì lè máa fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun láti fọ̀.

Kọ̀ǹpútà ni ó tú ìdè yìí. Ẹ̀rọ CMX 600 jáde ní 1971, EditDroid ní 1984, Avid ní 1989. Ní 1997, Murch gba Oscar fún The English Patient, fíìmù àkọ́kọ́ tí a fi kọ̀ǹpútà gé tí ó gba ẹ̀bùn náà. Ní tòótọ́, kọ̀ǹpútà kì í gé ohunkóhun: àwòrán wà níbi tí ó wà, ìlànà bí a ó ti tò ó ni agéfíìmù ń kọ. Èrè rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà lọ. Murch fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé, nígbà tí a ń yí fíìmù láti wá ègé kan, a máa ń bá òmíràn pàdé tí a kò wá, tí ó sì dára jù. Kọ̀ǹpútà ń fún wa ní ohun tí a bèèrè nìkan.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ó ń gba yàrá kan àti ènìyàn mẹ́rin. Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀pọ̀ nínú eré wa. Ọkùnrin kan fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀: a rí i tí ó jáde nílé, tí ó ṣí mọ́tò, tí ó wà á gba títì mẹ́ta, tí ó fọn fèrè lẹ́nu géètì, tí ó paná mọ́tò, tí ó kan ilẹ̀kùn. Òfin Sellers ni èyí. Ẹni tí ó ṣe é kò gbọ́ orúkọ Sellers rí, ṣùgbọ́n ó ń pa òfin rẹ̀ mọ́, ó ń fi han ọmọ aláríkì pé kò lè mọ̀ pé ẹni tí ó jáde nílé ni ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó ṣe fíìmù lọ́la, ohun èlò kò wọ́n yín mọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ lọ jókòó ti ìyá àgbà kan tí ó mọ oríkì ilé yín, kí ẹ sì fetí sí ibi tí ó ti fò. Odindi ọ̀rọ̀ kò ṣòro í sọ. Ẹni tí a bá ń sọ ọ́ fún nígbà gbogbo, kì í ṣe ọmọlúàbí ni a ń pè é.