Ta Ni Bàbá Yìí?

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo gbé ìwé àwòrán iṣẹ́ ọnà kan lọ bá ìyá mi àgbà n'Ífẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ ni ojú bàbà tí wọ́n ń pè ní Ọbalùfọ̀n. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ìyá ní kí n dákẹ́.

"Ṣé ìwọ ni wàá sọ ẹni tí Ọbalùfọ̀n jẹ́ fún mi?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Ọọ̀ni ni, òun sì ni àwọn tó ń rọ idẹ mọ̀ ní bàbá iṣẹ́ wọn. Inú ààfin ni wọ́n tọ́jú ojú bàbà yẹn sí láti ìran dé ìran.

Mo ṣí ojú ewé kejì. Orí idẹ kan ni. Ìyá tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ni bàbá yìí?"

Mo ní, "Orí Ifẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló wà n'Ífẹ̀ tí ò lórí?"

Ẹnu mi wọhò.

Ní 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ, nítòsí ààfin, ni ọkọ́ bá kan idẹ. Orí tó ju mẹ́wàá lọ ni wọ́n hú. Ọ̀kan dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939; ó ṣì wà níbẹ̀. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì lọ, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ní 1954 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Èmi náà fẹ́ kí ti Lọ́ńdọ̀nù padà wálé. Ṣùgbọ́n tó bá dé lọ́la, kí la ó pè é? Àwọn tó wà nílé pàápàá, a rí ilé, a rí ọmọ, orúkọ ni ò sí. Kì í sì ṣe òyìnbó ló gba orúkọ ọ̀hún. Ìgbàgbé ti gbà á kí ọkọ́ tó kàn wọ́n.

Ọbalùfọ̀n ò sọnù torí pé ẹnu ò kúrò lára rẹ̀.

Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan báyìí. Ìyá ń sọ, mo ń kọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ tètè bi ìyá tiyín jàre, kí ọmọ tiwa náà má baà máa bi ìwé àwòrán pé, "Ta ni bàbá yìí?"