Land Rover Àtijọ́ àti Àwọn Alágbẹ̀dẹ Ọkọ̀ ní Ṣàngó-Ọ̀tà

Bí a bá ń sọ ìtàn ìlú wa, ọba, ogun àti ilé-ìwé ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. Lọ́dún yìí, ọkọ̀ kan tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáradára ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyíinì ni Land Rover, àti bí a ṣe ń pààrọ̀ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá gbó.

Ọ̀wọ́n irin ni ó bí ọkọ̀ náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, ìwọ̀nba ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pín irin fún àwọn ilé iṣẹ́. Maurice Wilks ti ilé iṣẹ́ Rover wá fi irin ṣe ṣáàsì, tí í ṣe egungun ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni ó fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ara náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó lè rọrùn láti fi ọwọ́ ṣe, wọ́n sì fi bóòtì de àwọn ẹ̀yà rẹ̀ mọ́ra, kí a lè tú èyí tí ó bá bàjẹ́ kúrò. Ní oṣù April 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé ní ìlú Amsterdam.

Kò pẹ́ tí ó fi dé ilẹ̀ wa. Nígbà tí títì ọlọ́dà ṣì ṣọ̀wọ́n, òun ni àwọn ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń la ẹrẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn pàápàá to Land Rover pọ̀. Bí ilé iṣẹ́ sì ti ń pọ̀ ní Ọ̀tà lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì, wẹ́dà àti pánẹ́ẹ̀bítà ń pàgọ́ sí ẹ̀bá títì ní Ṣàngó. Àrólé àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ irin nìkan kò tó fún ọkọ̀ yìí.

Iṣẹ́ náà ní ètò. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó fa okùn ìwọ̀n láti igun kan ṣáàsì dé igun tí ó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, a ó sì wọn ìkejì bákan náà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ṣáàsì ti wọ́, kò sì sí ilẹ̀kùn tí yóò bá a mu. Lẹ́yìn èyí, a ó gbé ògiri irin tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó sí àyè rẹ̀, a ó so ilẹ̀kùn láti fi dán an wò, kí a tó kan ẹ̀yìn ọkọ̀. Fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ìkẹyìn. Ọwọ́ lásán ni a ó fi yí gbogbo bóòtì títí ojú ilẹ̀kùn yóò fi gún, kí sípánà tó kàn án.

Alumíníọ̀mù kì í pọ́n kí ó tó yọ́. Irin ń yọ́ ní nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius; alumíníọ̀mù kò kọjá 660. Wẹ́dà tí ó bá ń retí kí ó pọ́n, ihò ni yóò rí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a fi ọṣẹ pa á lára, a rọra yá a níná títí ọṣẹ yóò fi dúdú. Nígbà náà ni yóò rọ̀ fún òòlù onígi.

Àwọn àgbà ní bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún èkejì. Níbi tí alumíníọ̀mù àti irin bá ti fara kanra, tí omi sì wà níbẹ̀, alumíníọ̀mù ni í jẹrà, tí í di ẹ̀tù funfun. Ọ̀dà tàbí rọ́bà gbọ́dọ̀ là wọ́n láàárín. Ẹni tí ó kàn fi pọ́tì bò ó mọ́lẹ̀, tí ó fi ọ̀dà dídán kùn ún, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Àwọn tí ń ra irin àlòkù ń tú ògbólógbòó ọkọ̀ palẹ̀: irin rẹ̀ a lọ sí ilé ìyọ́rin, alumíníọ̀mù rẹ̀ a di ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, tí wọ́n ṣe Defender àtijọ́ ìkẹyìn ní Solihull, ilé iṣẹ́ Land Rover fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò tún 25 nínú àwọn Series I, ìran àkọ́kọ́, ṣe fún títà. Ohun tí àwa ń sọ di ìkòkò ni àwọn tí ó ṣe é ń sọ di ìṣúra.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí ṣì ń bẹ lọ́jà lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́. Àwa tí a wà nílé, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọmọ wa sẹ́nu iṣẹ́ alumíníọ̀mù lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ẹgbẹ́ sì bá wọn gbé ìnáwó ìdáǹdè wọn. Bí a bá tún ọkọ̀ kan ṣoṣo ṣe dé ojú àmì, àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò rí i, ọgbọ́n náà kò sì ní bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀. Ìlú Ọ̀tà kò ní bàjẹ́ o.